Orí Keje: Ohùn Tó Fara Pamọ́ Sáàárín Kíì Piano

Àfojúsùn

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. sọ ìtumọ̀ radif, dastgah, gusheh àti koron;
2. fi ìṣirò ṣàlàyé ìdí tí piano kò fi lè kọ ohùn Shur bó ṣe yẹ;
3. ṣàlàyé ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bá ohun èlò orin àbáláyé ṣiṣẹ́ pọ̀;
4. sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ Alireza Mashayekhi, Dariush Dolat-shahi àti Ata Ebtekar, ẹni tí ayé orin mọ̀ sí Sote.

7.1 Àpótí kan tó ní wáyà 72

Santur, ohun èlò orin àbáláyé Ìránì, jẹ́ àpótí igi pẹlẹbẹ kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Wáyà 72 ni wọ́n nà sórí rẹ̀. Afárá igi kéékèèké 18 ló gbé wọn ró, wáyà mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a sì máa dún bí ẹyọ ohùn kan ṣoṣo. Ọ̀pá igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, tí orúkọ wọn ń jẹ́ mezrab, ni òṣèré fi ń lù ú. Ohùn tó bá ti jáde lára rẹ̀ kì í kú bọ̀rọ̀. Ó ṣì ń lọ nílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí èyí tó tẹ̀lé e bá dé.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òṣèré á fi kọ́kọ́rọ́ yí èèkàn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Á lù ú, á tẹ́tí, á tún yí i. Bí wáyà kan nínú mẹ́rin bá ga ju àwọn yòókù lọ díẹ̀ báyìí, etí á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ kúrò nínú oríṣi orin kan bọ́ sínú òmíràn, ó lè di dandan kí ó tún àwọn kan yí, tàbí kí ó sún afárá díẹ̀.

Yíyí wáyà yìí ni gbogbo orí yìí dá lé. Òun ló jẹ́ kí orin Ìránì àti piano máa ta ko ara wọn fún ọdún gbọọrọ, òun kan náà ló sì jẹ́ kí orin Ìránì àti kọ̀ǹpútà tètè mọwọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tó bá jẹ́ àbáláyé ni ẹ̀rọ tuntun máa ń bàjẹ́ jù. Nínú ọ̀rọ̀ orin Ìránì, a ó rí i pé ohun èlò àtijọ́ láti Yúróòpù ló ṣòro fún un láti bá lò, kì í ṣe ẹ̀rọ.

7.2 Radif: ilé ìṣúra orin

Radif ni àkójọ àwọn orin àbáláyé Ìránì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ há sórí lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó lè dá orin tirẹ̀ ṣe. Ohun tí àwa ń pè ní àtẹnudẹ́nu, àwọn ará Ìránì a máa pè é ní sineh be sineh lédè Farsi, ìyẹn ni pé láti àyà dé àyà. Radif tí wọ́n fi ń kọ́ni jù lónìí ni ti Mirza Abdollah (1843–1918), ọ̀gá nínú títa tar àti setar, tí wọ́n jẹ́ ohun èlò olókùn. Ní 2009, àjọ UNESCO fi radif sínú àkójọ ogún àṣà aráyé.

Gusheh ni ẹyọ orin kúkúrú kan nínú radif. Gusheh kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ, ohùn tó máa ń dúró lé, àti ibi tí ó ti ń gbéra. Bí a bá to ọ̀pọ̀ gusheh tó bára tan pọ̀, a ó ní dastgah. Dastgah méje ló wà: Shur, Segah, Chahargah, Homayun, Mahur, Nava àti Rast-Panjgah. Àwọn ọmọ dastgah márùn-ún tún wà tí wọ́n ń pè ní avaz: mẹ́rin jáde láti ara Shur, ọ̀kan láti ara Homayun.

Eré dastgah kan máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú daramad, tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìfihàn. Yóò máa gòkè láti gusheh dé gusheh títí yóò fi dé ṣóńṣó, lẹ́yìn náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀ padà sí ohùn tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ yìí ni forud. Akọrin á mú ewì Hafez tàbí Saadi tàbí Rumi, á kọ ọ́ tẹ̀lé bí ewì náà ṣe ń rìn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti parí, ọ̀fun á máa já ohùn lókè-nísàlẹ̀ kíákíá láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Èyí ni tahrir. Àwọn ará Ìránì sábà máa ń fi ohùn ẹyẹ bulbul júwe rẹ̀.

Ohun méjì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú níbí yìí. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ gusheh ni kò ní ìlù kan pàtó tó ń kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ̀mí àti ewì ló ń darí rẹ̀. Èkejì, òṣèré kì í ka radif bí ẹni ń ka ìwé. Ó há a sórí kí ó lè máa dá tirẹ̀ lójú agbo ni. Nítorí náà, olórin tó fi ẹ̀rọ tún radif sọ kò ya kúrò lójú ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ là sílẹ̀.

7.3 Ohùn tí piano kò ní

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á.

Lórí piano, láti ohùn kan dé èkejì rẹ̀ tó ga jù ú lọ ní ìlọ́po méjì ni a ń pè ní ọ́kítéèfù. Àwọn tó ń ṣe piano pín in sí ọ̀nà 12 tó dọ́gba. Láti lè wọn ohun tó kéré ju ìyẹn lọ, a ń lo sẹ́ǹtì: ọ́kítéèfù kan jẹ́ sẹ́ǹtì 1200, nítorí náà láti kíì kan dé èyí tó kàn án jẹ́ 100. Bí a bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí ohùn kan ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn hertz rẹ̀, a ó mú hertz ohùn tí a ti bẹ̀rẹ̀, a ó fi 2^(s ÷ 1200) sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́tà s dúró fún iye sẹ́ǹtì.

*Àpẹẹrẹ.* Ká sọ pé a bẹ̀rẹ̀ láti 440 hertz.

- Kíì tó kàn án (100 sẹ́ǹtì): nǹkan bí 466 hertz.
- Kíì kejì (200 sẹ́ǹtì): nǹkan bí 494 hertz.

Kí ló wà láàárín 466 sí 494? Lórí piano, kò sí nǹkankan. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ohùn kejì Shur ń gbé. Bí òṣèré bá gbé e sí 135 sẹ́ǹtì, yóò jẹ́ nǹkan bí 476 hertz. Bí ó bá gbé e sí 160, yóò jẹ́ nǹkan bí 483. Ẹni tó bá tẹ kíì 466 ti kéré jù. Ẹni tó bá tẹ 494 ti kọjá. Shur tí a kọ lórí piano tí ẹnikẹ́ni kò tún yí kì í ṣe Shur mọ́.

Ali-Naqi Vaziri (1887–1979), ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Paris àti Berlin kó tó padà wá dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní Tehran, wá àmì fún àwọn ohùn wọ̀nyí kí wọ́n lè ṣe é kọ sílẹ̀. Ó pe ọ̀kan ní koron: àmì tó ń fa ohùn wálẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò fà á dé orí kíì tó wà nísàlẹ̀. Ó pe èkejì ní sori, èyí tó ń gbé e sókè díẹ̀. Vaziri wá dábàá pé kí a pín ọ́kítéèfù sí ọ̀nà 24 tó dọ́gba, sẹ́ǹtì 50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àmì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní, ṣùgbọ́n ìpín 24 náà kò tíì tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Nínú ìwé rẹ̀ lórí dastgah tó jáde ní 1990, Hormoz Farhat fi hàn pé àlàfo tí àwọn òṣèré ń lò kò dọ́gba rárá: ọ̀kan wà ní agbègbè 135 sẹ́ǹtì, òmíràn ní agbègbè 160, wọ́n sì máa ń yí díẹ̀ láti ọwọ́ òṣèré kan sí òmíràn. Ọwọ́ òṣèré ló mọ ibi tí ohùn wà, nítorí okùn tí wọ́n so mọ́ ọrùn tar àti setar láti fi dá ohùn sílẹ̀ ṣe é sún síwá sẹ́yìn.

Etí Yorùbá kò ní ṣàjèjì sí èyí. Bí onídùndún bá fún ọsán ìlù mọ́ ìhà, ohùn á gun òkè láti orí dò dé mí láìfo ibikíbi, á sì kọjá lára àwọn ohùn tí kò sí lórí piano kankan. Akin Euba (1935–2020), ọmọ Èkó tó gbé ọgbọ́n ìlù Áfíríkà wọ inú piano, lo kíì bí ìlù. Ṣùgbọ́n piano kò ní ọsán tí ènìyàn lè fún.

Ní Ìránì, àwọn kan gbìyànjú láti bá piano fúnra rẹ̀ wí. Morteza Mahjubi (1900–1965), tí àwọn olùgbọ́ rédíò mọ̀ dunjú, tún okùn piano rẹ̀ yí kí koron lè wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ dùn gan-an. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé piano tí a yí fún Shur kò ní lè kọ Chahargah bó ṣe yẹ láìtún un yí, okùn piano sì ju igba lọ.

7.4 Ohun tí ẹ̀rọ mú wá

Orin ẹ̀rọ ni orin tí ohùn rẹ̀ ti ara iná mànàmáná jáde, tàbí tí a gbà sílẹ̀ lára ohun èlò kí a tó fi ẹ̀rọ yí i padà. Ọ̀nà mẹ́ta ló kàn wá níbí:

Oscillator ni ẹ̀rọ tó ń bí ohùn láti ara iná. Ẹni tó ń lò ó lè sọ fún un pé kí ó dún ní 476 hertz, yóò sì dún ní 476 gẹ́lẹ́.

Gígba ohùn àti gígé e bẹ̀rẹ̀ láyé téèpù. Olórin á gba ohùn tar sórí téèpù, á fi abẹ gé e, á tò ó padà bó ṣe wù ú, á yí i sẹ́yìn tàbí kí ó mú un lọ́ra.

Granular synthesis ni kí kọ̀ǹpútà gé ohùn sí wóró-wóró tí kì í sábà gùn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ, kí ó sì fọ́n wọn bí ẹni fọ́n ọkà. Ẹyọ ohùn santur kan lè ti ibẹ̀ di òjò.

Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má rò pé gbogbo ẹ̀rọ ló bọ́ lọ́wọ́ àléébù piano. Ní 1983, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ orin fohùn ṣọ̀kan lórí MIDI, èdè tí ẹ̀rọ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. MIDI fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 0 dé 127, nọ́ńbà kan fún kíì kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un, ọ̀nà 12 tó dọ́gba ni yóò lò. Bí piano ṣe tún wọlé láti ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Olórin tó bá fẹ́ koron ní láti kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìtò ohùn tuntun, tàbí kí ó fa ohùn kọ̀ọ̀kan kúrò lójú kíì rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a lè pa àṣẹ yìí fún ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a sì tún un pa fún dastgah mìíràn kí eré tó parí.

7.5 Àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà

Alireza Mashayekhi, tí wọ́n bí sí Tehran ní 1940, kẹ́kọ̀ọ́ ní Vienna lọ́dọ̀ Hanns Jelinek àti Karl Schiske. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Utrecht ní Netherlands, níbi tí Gottfried Michael Koenig ti ń kọ́ni ní orin ẹ̀rọ. Ó wà lára àwọn ará Ìránì àkọ́kọ́ tó ṣe orin ẹ̀rọ. Ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ *Shur*, orúkọ dastgah tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò ohùn rẹ̀ tán yìí.

Láàárín 1967 sí 1977, àjọ̀dún ọnà máa ń wáyé lọ́dọọdún ní Shiraz, àwọn gbajúmọ̀ olórin tuntun láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a sì máa wá. Ní 1971, Iannis Xenakis, ọmọ Gíríìkì tó ń gbé ní Faransé, gbé orin téèpù rẹ̀ *Polytope de Persépolis* kalẹ̀ lóru láàárín àwókù ààfin Persepolis. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Mashayekhi ṣe pàtàkì fún ẹ̀kọ́ yìí. Ilẹ̀ Ìránì ni orin Xenakis ti dún, ṣùgbọ́n kò ti inú radif wá. Orin Mashayekhi bá radif sọ̀rọ̀, ibi yòówù tí ó ti ṣe é.

Ìjọba yí padà ní 1979. Wọ́n fòfin de ọ̀pọ̀ oríṣi orin ní gbangba, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣeré ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àṣà. Orin tuntun rọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1993, Mashayekhi àti atẹpiano Farimah Ghavamsadri dá ẹgbẹ́ orin ìgbàlódé kan sílẹ̀ ní Tehran, èyí tó fún àwọn ọ̀dọ́ níbi tí wọ́n ti lè gbọ́ irú orin báyìí.

Dariush Dolat-shahi gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n bí i sí Tehran ní 1947, ó sì mọ tar àti setar ta kó tó kàn sí ẹ̀rọ. Ó dé New York, ó ṣiṣẹ́ ní yàrá orin ẹ̀rọ tí yunifásítì Columbia àti Princeton jọ ní. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ Folkways gbé àwo orin rẹ̀ *Electronic Music, Tar and Sehtar* jáde. Orúkọ àwo náà ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀: òun fúnra rẹ̀ ló ń ta ohun èlò, òun náà ló ń darí ẹ̀rọ tó ń dá a lóhùn.

7.6 Sote: nígbà tí ẹ̀rọ bá jókòó ti santur

Ata Ebtekar, tí wọ́n bí sí Hamburg ní Jámánì ní 1972, gbé ní California fún ọdún mélòó kan kó tó padà sí Tehran. Orúkọ tó ń lò, Sote, túmọ̀ sí "ohùn" lédè Farsi. Orin ijó oníná tó le koko ló fi bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Warp gbé *Electric Deaf* rẹ̀ jáde ní 2002. Ní 2007, orin òun àti ti Mashayekhi jọ wà lórí àwo kan tí ilé-iṣẹ́ Sub Rosa gbé jáde, *Persian Electronic Music: Yesterday and Today 1966–2006*. Iṣẹ́ àgbà wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀dọ́ náà sì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fetí sí jù ni *Sacred Horror in Design* (2017). Arash Bolouri ló lu santur, Behrouz Pashaei ta setar, Sote wà nídìí ẹ̀rọ, Tarik Barri sì ń fi àwòrán tó ń rìn bá wọn lọ lójú agbo. Àjọ̀dún CTM ní Berlin ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wo setar dáadáa. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "okùn mẹ́ta", ṣùgbọ́n mẹ́rin ló ní lónìí. Èékánná ìka ìtọ́ka ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń ta á, ohùn rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé inú yàrá ni ilé rẹ̀: ẹni márùn-ún, mẹ́fà, tí wọ́n jókòó yí olórin ká. Bí ènìyàn bá wú ikọ́, ó ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí a bá wá gbé máìkì sún mọ́ ọn, ohun tí ẹni tó wà ní ìlà kẹwàá kò lè gbọ́ láéláé yóò jáde: ìró èékánná lórí okùn, ìka tó ń yọ̀ lórí ọrùn igi, igi fúnra rẹ̀ tó ń dáhùn. Fún Sote, àwọn ìró kéékèèké yìí kì í ṣe ìdọ̀tí tí a gbọ́dọ̀ nù kúrò. Ohun ìkọ́lé ni wọ́n.

Ohùn santur náà ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Ó lè jáde ní wóró-wóró, tàbí kí ó gùn títí yóò fi dà bí afẹ́fẹ́, tàbí kí synthesizer, ẹ̀rọ tó ń fi iná dá ohùn, dá a lóhùn. Àmọ́ synthesizer ni ó ń tẹ̀lé ìtò ohùn santur. Bí ohùn kejì bá wà ní 140 sẹ́ǹtì lórí wáyà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wá a débẹ̀. Bí ó bá dúró sí 100 tàbí 200 tirẹ̀, ohùn méjèèjì yóò máa gbo ara wọn, etí tó mọ Shur yóò sì fura lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ìlù: kò sí ìlù ijó mẹ́rin-mẹ́rin tó ń lé òṣèré níwájú. Ẹ̀rọ ń mí bí òṣèré ṣe ń mí.

Ní 2019, Sote tún ṣe *Parallel Persia*. Bolouri padà pẹ̀lú santur, Pouya Damadi sì mú tar wá. Nínú àwo yìí, ó ṣòro ní àwọn ibì kan láti mọ ibi tí wáyà parí sí tí iná sì ti bẹ̀rẹ̀. Sote tún dá ilé-iṣẹ́ orin kékeré kan sílẹ̀, Zabte Sote, tó ń gbé iṣẹ́ àwọn ará Ìránì mìíràn jáde.

7.7 Àwọn kókó

Radif ni ìpìlẹ̀, dídá tirẹ̀ lójú agbo sì wà lára àṣà rẹ̀. Ohùn koron wà láàárín kíì méjì, piano kò sì ní in àfi bí a bá tún un yí. Ẹ̀rọ lè dé orí ohùn èyíkéyìí, ṣùgbọ́n MIDI jogún ọ̀nà 12 ti piano, olórin ló gbọ́dọ̀ yí i padà. Mashayekhi la ọ̀nà, Dolat-shahi fi ọwọ́ ara rẹ̀ so tar mọ́ téèpù, Sote sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ̀lé ìtò ohùn santur.

7.8 Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé ní gbólóhùn kan-kan: dastgah, gusheh, daramad, forud, tahrir, koron, sori.

2. Láti ohùn 440 hertz, ṣírò hertz ohùn tó wà ní 150 sẹ́ǹtì. Èwo ló súnmọ́ jù nínú 135 àti 160 tí Farhat sọ? Kí ni èyí fi hàn nípa ìpín 24 ti Vaziri?

3. "Xenakis ṣeré ní Ìránì, nítorí náà orin rẹ̀ jẹ́ orin Ìránì." Lo 7.5 láti fi hàn ibi tí gbólóhùn yìí ti kùnà.

4. Kí ló dé tí piano Mahjubi kò fi yanjú ọ̀rọ̀ náà pátápátá? Kí ni ẹ̀rọ lè ṣe tí piano náà kò lè ṣe?

5. Fi fóònù rẹ gba ohùn onídùndún kan tó ń fa ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Gbìyànjú láti tẹ ohùn kan náà lórí kíbọ́ọ̀dù. Kọ àwọn ibi tí kíbọ́ọ̀dù ti fo kọjá sílẹ̀.

6. Wá *Sacred Horror in Design*, kí o fetí sí ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nígbà mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́, tẹ̀lé santur nìkan. Nígbà kejì, tẹ̀lé ẹ̀rọ nìkan. Nígbà kẹta, kọ àkókò tí o kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́ sílẹ̀, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.